Ààlà Ẹran àti Èèpo

Bí ìtọ̀ bá há mọ́ bàbá àgbà kan ní abúlé kan lágbègbè Tchaourou, ohun tó máa kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀bẹ, kì í sì í ṣe léésà. Sọ́ńdì ni, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n á ti fi ọ̀kadà gbé bàbá náà dé Papanè, níbi tí ilé ìwòsàn Saint Martin wà, tí í ṣe ilé ìwòsàn ńlá fún agbègbè náà. Ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ á ti le, á sì ti yọ síta. Nọ́ọ̀sì á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín dẹ̀."

Ẹni tí kò bá wò ó dáadáa lè pè é ní iṣẹ́ kékeré. Nọ́ọ̀sì fọ ọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi oògùn apakòkòrò nu nǹkan ọmọkùnrin bàbá. Ó fún oògùn kan tó ń yọ̀, tó sì ń pa ìrora, sínú ẹnu ọ̀nà ìtọ̀, ó wá dúró. Ìdúró yẹn wà lára iṣẹ́, nítorí oògùn náà ń fẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó ràn. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ òsì gbé nǹkan ọmọkùnrin náà dúró ṣánṣán. Kọ́nà méjì ló wà lójú ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin, bí a bá sì gbé e sókè bẹ́ẹ̀, kọ́nà àkọ́kọ́ á nà. Ọwọ́ ọ̀tún ń ti sọ́ńdì wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó dé ibì kan, kò lọ mọ́. Ọwọ́ tí kò mọ iṣẹ́ á fi agbára tì í níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ á dúró pẹ̀lú rẹ̀. "Bàbá, ẹ mí kanlẹ̀." Bí bàbá ti ń mí síta, iṣan tó ń sé ìtọ̀ á dẹ̀, nọ́ọ̀sì á rọra dá nǹkan ọmọkùnrin náà wálẹ̀ sápá ẹsẹ̀, sọ́ńdì á sì gba kọ́nà kejì kọjá. Ìtọ̀ á tú jáde.

Síbẹ̀ kò tíì fẹ́ bàlúùnù kékeré tó wà lórí sọ́ńdì náà. Ó ṣì ń tì í wọlé, títí ó fi dé ibi tí ìdí rẹ̀ ti pín sí ẹ̀ka méjì, kó tó fi síríǹjì ti omi 10 mílílítà sínú bàlúùnù. Bí bàlúùnù bá wú sójú ọ̀nà dípò inú àpòòtọ̀, á ya ọ̀nà náà. Lẹ́yìn èyí ló wá fà á padà díẹ̀ títí bàlúùnù fi jókòó sẹ́nu ọrùn àpòòtọ̀. Frederic Foley, oníṣẹ́-abẹ ará Amẹ́ríkà, ló gbé irú sọ́ńdì yìí jáde láàárín ọdún 1930 sí 1939, ìrísí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà dòní. Nọ́ńbà tí a kọ sí i lára, 16 tàbí 18, ìwọ̀n Charrière ni, orúkọ ọkùnrin kan tó ń rọ irinṣẹ́ dókítà ní Paris láyé ọjọ́un. Mẹ́ta nínú ìwọ̀n yẹn ló ń jẹ́ mílímítà kan. Sọ́ńdì 18 fẹ̀ tó mílímítà 6. Ẹ fi ìwọ̀n yìí sọ́kàn, a óò tún lò ó.

Ohun tó dínà ni pọrọ́sítéètì. Ìdí àpòòtọ̀ ló wà, ọ̀nà ìtọ̀ sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Lára ọ̀dọ́kùnrin, kò wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ. Bí ọjọ́ orí bá ti ń kọjá 40, apá inú rẹ̀, èyí tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká gan-an, a bẹ̀rẹ̀ sí í hu kókó. Kókó yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọkùnrin tó ti lé ní 60 ọdún ló ní in dé ìwọ̀n kan, tí ti àwọn mìíràn sì ń wú kọjá 100 gíráàmù. Bó ṣe ń wú láti inú, ó ń ti ojúlówó pọrọ́sítéètì sẹ́yìn, títí ojúlówó náà fi fẹ́lẹ́, tó wá bo kókó náà lára. Èèpo ni àwọn oníṣẹ́-abẹ ka apá tó fẹ́lẹ́ yìí sí. Láàárín èèpo àti kókó, ààlà kan wà tí ojú kò lè rí láti òde. Wíwá ààlà yẹn, àti rírìn lójú rẹ̀ láìṣìnà, ni gbogbo iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín. Ẹni tó bá ti bó iṣu tí a sè tòun tèèpo rí, yóò tètè mọ ohun tí mò ń wí: bí èékánná bá bọ́ sójú ibi tó yẹ, èèpo á ṣí lọ pẹrẹsẹ, bó bá ṣì í, iṣu á máa bá èèpo lọ, tàbí kí èèpo máa já kù sára iṣu.

Ìka ọwọ́ ló kọ́kọ́ rìn lójú ààlà yìí. Òun náà ló ṣì wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa títí dòní. Ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, tí ó gbéra ní Tchaourou, tó forí lé ilé ìwòsàn ńlá ẹ̀kọ́ṣẹ́ dókítà tó wà ní Parakou, nǹkan bí 50 kìlómítà ó lé díẹ̀ sí àríwá, iṣẹ́ abẹ tí à ń là ni yóò sábà bá pàdé. Wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ìdí àti ẹsẹ̀ á kú tipiri, ojú rẹ̀ á sì wà lójúfò. Wọ́n á kọ́kọ́ gba inú sọ́ńdì ti omi iyọ̀ sínú àpòòtọ̀ kí ó lè kún, kí ó sì yọrí sókè kúrò lẹ́yìn egungun abẹ́ ikùn. Oníṣẹ́-abẹ á gé awọ nísàlẹ̀ ìdodo, á gé ọ̀rá, á gé awọ líle tó bo iṣan. Ṣùgbọ́n iṣan ikùn fúnra rẹ̀, yíyà ló ń yà á sí méjì, kì í gé e. Ìka rẹ̀ á ti awọ tó bo ìfun sókè, kí ìfun má bàa bá wọn dá sí i. Ó gán okùn méjì sára àpòòtọ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ fà wọ́n sókè, ó sì là á láàárín wọn.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti fa omi inú rẹ̀ tán, ó wá ihò kékeré méjì tí ìtọ̀ ń gbà wọlé láti inú kíndìnrín. Ó ní láti mọ ibi tí wọ́n wà kí ó tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ó fi irin oníná gé awọ pupa inú àpòòtọ̀ yí ẹnu ọrùn rẹ̀ ká. Ibẹ̀ ni ọ̀bẹ parí sí. Ìka ìfábẹ̀lá ló kù.

Ìka náà wọ inú ọ̀nà ìtọ̀, ó tẹ iwájú, níbi tí awẹ́ méjèèjì kókó náà ti pàdé lókè. Ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́ jù. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi fàya. Inú ibi tó fàya yìí ni orí ìka ti ń wá ààlà, bó bá sì ti rí i, á yí lọ sápá òsì, á padà, á yí lọ sápá ọ̀tún, ẹ̀yìn ìka máa ń fara ti èèpo, ikùn ìka máa ń dojú kọ kókó. Ojú oníṣẹ́-abẹ kò sí lára iṣẹ́ lákòókò yìí, nítorí kò sí ohun tí ojú lè rí nínú ihò tí ẹ̀jẹ̀ ti kún. Inú ìka ni ojú rẹ̀ wà. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí kókó ti dé ẹ̀gbẹ́ iṣan tó ń sé ìtọ̀, kò gbọ́dọ̀ fà á. Èékánná àti àtàǹpàkò ló fi ń já a. Bí ó bá fà á, iṣan náà lè bá a ya, bàbá náà yóò sì máa tọ̀ sára títí ayé. Lẹ́yìn náà kókó á jáde, nígbà mìíràn lódindi, nígbà mìíràn ní awẹ́ méjì.

Peter Freyer, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ti ṣiṣẹ́ dókítà ní India, ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí ayé mọ̀ ní London láti ọdún 1900, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Eugene Fuller ti ṣe é ní New York ṣáájú rẹ̀. Ìka kan ló ń fi sínú àpòòtọ̀, á fi ìka ọwọ́ kejì gba ìdí wọlé láti gbé kókó náà sókè pàdé rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ìṣòro ńlá tó kù nígbà náà. Theodor Hryntschak ní Vienna ló wá kọ́ àwọn oníṣẹ́-abẹ bí a ṣe ń rán ọrùn àpòòtọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Títí dòní, bí kókó bá ti jáde, gọ́ọ̀sì ni a ó ki bọ inú àyè tó ṣófo, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a ó wá fi abẹ́rẹ́ gbá ibi méjì tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ti ń wọlé: aago márùn-ún àti aago méje, bí a bá fi ẹnu ọrùn àpòòtọ̀ ṣe ojú aago. Nọ́ńbà méjì yìí náà á tún padà wá.

Ọ̀nà kejì kò la ikùn rárá. Léésà ló ń lò, ojú ọ̀nà tí sọ́ńdì gbà ni irinṣẹ́ sì ń gbà. Peter Gilling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Tauranga, ní New Zealand, ló mú un wá láàárín ọdún 1990 sí 1999, HoLEP ni wọ́n sì ń pè é kárí ayé. Nítòsí wa, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni díẹ̀ ní Abuja àti Èkó ti ń ṣe é. Mo ti jókòó ti fídíò rẹ̀ gan-an, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́-abẹ máa ń ká sílẹ̀ láti fi kọ́ ara wọn. Àǹfààní ńlá ni fún ẹni tó bá fẹ́ràn láti máa wo iṣẹ́ ọwọ́, nítorí ohun tí dókítà ń rí lójú tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá iṣẹ́ abẹ gan-an ni èmi náà ń rí. Kò sí nǹkan kan tó rí tí ó pa mọ́ fún mi.

Nínú ẹ̀rọ léésà náà, kírísítà kan wà tí a po èròjà kan tó ń jẹ́ holmium mọ́. Láti ọdún 1879 ni Per Teodor Cleve, ará Sweden, ti fi orúkọ ìlú Stockholm sọ èròjà yìí, ṣùgbọ́n ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí dókítà tó rí ohun gidi fi ṣe. Ìmọ́lẹ̀ tí kírísítà náà ń tú jáde, ojú èèyàn kò rí i. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi iná kékeré aláwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé bá a rìn, kí dókítà lè mọ ibi tó dojú kọ. Okùn gíláàsì kan tó fẹ̀ díẹ̀ ju ìdajì mílímítà lọ ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ náà wọlé. Gbogbo ẹni tó wà ní yàrá náà ló wọ awò.

Kí ló dé tó jẹ́ holmium? Omi ni ìdáhùn rẹ̀. Omi a máa gbé ìmọ́lẹ̀ yìí mì kíákíá. Kò lè wọnú ẹran ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá mílímítà lọ kó tó tán, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú ẹran. Bí orí okùn gíláàsì bá jìnnà sí ẹran ju mílímítà mélòó kan lọ, omi tó wà láàárín wọn á ti gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì kó tó débẹ̀, kò ní jó nǹkan kan. Kì í sì í tàn lọ bí iná. Ó ń ṣẹ́ wá ni, àádọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, jóòlù 2 nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 100 wáàtì. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá ṣẹ́, omi orí okùn náà á hó, ìfófòó kékeré á wú, á bẹ́, bíbẹ́ rẹ̀ ló sì ń ya ẹran sọ́tọ̀. Lójú tẹlifíṣọ̀n, gbígbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni èèyàn á kàn rí, àti ìfófòó tó ń gòkè.

Irin tí wọ́n ń fi wọlé jẹ́ 26 ní ìwọ̀n Charrière. Kò pé mílímítà 9. Inú irin yìí ni awò kámẹ́rà wà, àti okùn gíláàsì, àti ọ̀nà tí omi iyọ̀ ń gbà wọlé, àti ọ̀nà mìíràn tó ń gbà jáde. Omi iyọ̀ náà kì í dá, àpò onílítà mẹ́ta ni wọ́n gbé kọ́ sókè, bí ọ̀kan bá ti ń tán ni nọ́ọ̀sì ń ṣí òmíràn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé omi iyọ̀ ni. Láti nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn ni àwọn dókítà ti ń gba ọ̀nà ìtọ̀ wọlé lọ fi irin oníná ha pọrọ́sítéètì, ṣùgbọ́n iná mànàmáná irú ti àtijọ́ kò bá omi iyọ̀ ṣe, omi mìíràn tí kò ní iyọ̀ ni wọ́n ń lò. Bí iṣẹ́ bá ti ń lọ sí wákàtí kan, omi yẹn á ti máa wọ inú ẹ̀jẹ̀, á sì máa mú kí iyọ̀ inú rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyẹn sì lè pa èèyàn. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń yá dókítà nígbà náà, tí pọrọ́sítéètì tó bá ti tóbi kọjá 80 gíráàmù sì fi ń padà sọ́dọ̀ ìka ọwọ́. Omi iyọ̀ mú kánjúkánjú yẹn kúrò.

Dókítà jókòó láàárín ẹsẹ̀ bàbá méjèèjì tí a gbé sókè. Ó fi irin tó ń yọ̀ la ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀, láti kékeré dé ńlá, kó tó ti 26 wọlé. Kámẹ́rà kọjá ní ọ̀nà pupa tó ń dán. Ó dé ọ̀dọ̀ iṣan tó ń sé ìtọ̀, iṣan náà fún ara rẹ̀ pọ̀, ó tún tú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kókó kékeré kan wà nílẹ̀ ọ̀nà náà, veru ni àwọn dókítà ń pè é. Òun ni òpó ààlà wọn: ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níhà àpòòtọ̀, tiwọn ni, ohun tó wà níwájú rẹ̀, iṣan ni, wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Láti ibẹ̀ lọ, awẹ́ méjì tó wú fara kan ara wọn láàárín ọ̀nà. Bí irin ti ń kọjá, wọ́n ń yà, wọ́n tún ń pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àpòòtọ̀, ògiri rẹ̀ ti di okùn okùn, nítorí ọdún tó ti fi ń tiraka láti ti ìtọ̀ jáde. Dókítà wá ihò ìtọ̀ méjì ti ọ̀dọ̀ kíndìnrín. Ó dúró títí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi tu ìtọ̀ jáde díẹ̀, ìgbà náà ló tó padà sẹ́yìn.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún. Orí okùn gíláàsì sún mọ́ ọrùn àpòòtọ̀, ẹsẹ̀ dókítà tẹ pẹ́dàlì, ilà kan ṣí sílẹ̀. Láti ọrùn àpòòtọ̀ ló ti ń fa ilà náà bọ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ veru, ó padà, ó tún fà á, ó ń jinlẹ̀ sí i nígbà kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ ẹran tó ń gé rí pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì ń fọ́n. Lẹ́yìn náà, láìròtẹ́lẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìsàlẹ̀ ilà náà funfun. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú rẹ̀, wọ́n ń dán. Èèpo nìyẹn. Ó gé ilà kejì ní aago méje, ó dé ibi funfun kan náà. Lẹ́yìn náà ó so ilà méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn veru, níhà àpòòtọ̀, awẹ́ tó wà láàárín wọn sì ti di ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ mọ́.

Ibí yìí ni ohun tí mo ti rò nípa léésà ti yí padà. Mo rò pé ìmọ́lẹ̀ náà ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu irin náà ní ètè kékeré kan, ètè yìí ni dókítà ń ki bọ ààlà, tó fi ń gbé kókó náà kúrò lára èèpo, tó ń tì í sókè sápá àpòòtọ̀. Ìka Freyer ni, tó ti di irin, tó wá ní ojú. Bó bá ti gbé e, fọ́nrán tó so kókó mọ́ èèpo á nà tàn-ìn láàárín, ìgbà náà ni yóò tó tẹ pẹ́dàlì, fọ́nrán á já. Gbé, já. Gbé, já. Ibi tí fọ́nrán kò bá ti nà, kì í tẹ pẹ́dàlì. Bí ó bá ṣe pé kókó náà ń bọ̀ fúnra rẹ̀, ó lè máa fi irin nìkan ṣí i lọ fún ìgbà pípẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ má ṣẹ́ rárá.

Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ṣí, ojú tẹlifíṣọ̀n á pọ́n lójijì. Mo máa ń wo ohun tí ọwọ́ dókítà ń ṣe nírú àkókò yìí. Kì í sún mọ́ ọn. Ó ń fà sẹ́yìn, mílímítà méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ́ kí omi iyọ̀ fọ ojú ibẹ̀ títí ó fi rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú bí òwú pupa, ó wá dojú okùn gíláàsì kọ ọ́ láti ibi tó jìnnà díẹ̀ yẹn. Nítorí àlàfo omi tó wà láàárín, agbára ìmọ́lẹ̀ tó débẹ̀ kò tó láti gé ẹran mọ́, ó kàn tó láti sè é. Ẹnu iṣan náà funfun, ó pa dé. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ló fi gé, òun náà ló fi dí i, mílímítà méjì péré ló yà wọ́n.

Awẹ́ àárín ti bọ́ sínú àpòòtọ̀. Ó kan awẹ́ ẹ̀gbẹ́, èyí tó tóbi jù. Láti ilà aago márùn-ún, irin náà ń gba abẹ́ awẹ́ òsì yí lọ sókè, ó ń tẹ̀ lé ibi funfun yẹn. Èèpo kì í tẹ́jú, ó tẹ̀ kọrọdọ, dókítà sì gbọ́dọ̀ máa yí ọwọ́ rẹ̀ bí èèpo ti ń yí. Bí ó bá rìn tààrà, á lu èèpo já bọ́ sínú ọ̀rá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó padà, ó gba òkè, aago méjìlá, ó gé ilà kan wálẹ̀, láti ibẹ̀ ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ pàdé ohun tó ti ṣí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òkè àti ìsàlẹ̀ bá pàdé, ìdè kan ló kù, awọ pẹlẹbẹ kan ní orí ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan tó ń sé ìtọ̀. Dókítà tó mọ iṣẹ́ máa ń tètè gé ìdè yìí. Ó ń yí i gé, ó jìnnà sí iṣan, kò tì í, kò fà á, nítorí bí kókó bá ṣì so mọ́ ibẹ̀ nígbà tí irin ń tì í, iṣan ni yóò jẹ ìyà náà. Ibi tí ìka ọwọ́ ti ń fi èékánná já nínú òkùnkùn gan-an nìyí. Awẹ́ òsì yí bọ́ sínú àpòòtọ̀. Awẹ́ ọ̀tún tẹ̀ lé e, lọ́nà kan náà.

Ohun tó kù jẹ́ ihò gbàràmù kan tí ògiri rẹ̀ mọ́. Dókítà yí i po, ó ń dí gbogbo ẹnu iṣan ẹ̀jẹ̀ tó bá rí, títí kan èyí tó kéré jù. Kò ní kánjú níbí, nítorí irinṣẹ́ tó kàn kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nínú omi tó dúdú.

Irinṣẹ́ náà ni ẹ̀rọ tó ń rún ẹran. Kókó tó tó 100 gíráàmù wà nínú àpòòtọ̀, ọ̀nà àbájáde kò sì ju ìka lọ. Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, ṣe ni Gilling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti gé kókó náà sí kéékèèké kí wọ́n tó yọ ọ́ tán, iṣẹ́ náà sì pẹ́ gan-an. Ní nǹkan bí ọdún 1998 ni ẹ̀rọ arúnran mú un rọrùn. Túùbù irin gígùn kan ni, abẹ kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ẹ̀rọ kan lẹ́yìn rẹ̀ ń fa omi. Àwọn nọ́ọ̀sì jẹ́ kí omi iyọ̀ ti ojú méjì wọlé kí àpòòtọ̀ lè kún gbẹ̀du, kí ògiri rẹ̀ jìnnà sí abẹ. Dókítà fa ẹran mọ́ ẹnu túùbù, ó gbé e wá sí àárín àpòòtọ̀, ìgbà tó bá rí omi yí i ká lọ́tùn-ún lósì ló tó jẹ́ kí abẹ ṣiṣẹ́. Ẹran ń yí, ó ń kéré sí i, àwọn èérún rẹ̀ ń gba túùbù jáde lọ sínú ìgò. Nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ibí ni àṣìṣe kan ti lè lu àpòòtọ̀ já láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú dókítà kì í sì í kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Ní ìparí, kókó róbótó líle mélòó kan a máa ṣẹ́kù, wọ́n ń yọ́ bọ́ lẹ́nu abẹ. Ó ń lé wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn fi tán.

Sọ́ńdì tún padà wọlé, onílé mẹ́ta lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ̀n 22. Ilé kan fún bàlúùnù, ọ̀kan fún omi iyọ̀ tó ń wọlé, ọ̀kan fún ohun tó ń jáde. Nọ́ọ̀sì ń wo àwọ̀ ohun tó ń jáde: bí ó bá pọ́n, á tú omi sí i, bí ó bá ti ń mọ́, á dín in kù. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí a là, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí sọ́ńdì tó kúrò. Lẹ́yìn léésà, ọjọ́ kejì ni ó sábà máa ń kúrò.

Iṣẹ́ yìí kò rọrùn láti kọ́. Àwọn tó ń fi í kọ́ni máa ń sọ pé ọwọ́ dókítà ní láti ṣe tó nǹkan bí 50 kí ó tó balẹ̀, kódà bí ó bá ti mọ iṣẹ́ ìka ọwọ́ dáadáa tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ náà wọ́n, iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú ló ń fẹ́, okùn gíláàsì àti abẹ arúnran sì ń tán. Ó dùn mí pé bàbá kan láti Tchaourou ṣì ní láti rin ọ̀nà jíjìn kó tó rí i, bí owó rẹ̀ bá tilẹ̀ ká a. Mo sì mọ̀ pé ẹni tí ìka Parakou bá ti yọ kókó rẹ̀ dáadáa, tó ń tọ̀ geere, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kẹ́dùn fún un.

Ó yẹ kí wọ́n sọ nǹkan méjì fún bàbá kí ó tó dùbúlẹ̀, ọ̀nà yòówù tí wọ́n bá fẹ́ gbà. Àkọ́kọ́ ni pé lẹ́yìn rẹ̀, àtọ̀ kì í sábà jáde síta mọ́, inú àpòòtọ̀ ló ń padà sí. Kò pa á lára, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ mọ̀. Èkejì ni pé ìtọ̀ lè máa kán sára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí iṣan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Ìgò èérún ẹran náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n fi awò wò ó bóyá jẹjẹrẹ fara pamọ́ síbẹ̀. Bí èsì bá dé pé kò sí, dókítà á ṣì máa ní kí bàbá wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, nítorí èèpo ṣì wà lára rẹ̀, inú èèpo yẹn sì ni jẹjẹrẹ pọrọ́sítéètì ti sábà máa ń hù.